Mo Ti Dáhùn Kí Wọ́n Tó Fún Mi Níyàwó

Tí òórùn bẹntiróòlù àti ti eruku tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bá ti dà pọ̀ mọ́ mi nímú, ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi á rò pé èmi ni mo la títì yẹn. Kò sí kọ́nà tí mi ò mọ̀ lórí òkè Ọ̀kà. Mo mọ ibi tí títì ti bẹ́, mo mọ ibi tí ewúrẹ́ máa ń sùn sí. Kí àwọn yòókù tó gun òkè tán, èmi á ti dé, màá ti já èrò, màá ti gbé òmíràn, màá sì pàdé wọn lójú ọ̀nà, màá tẹ họ́ọ̀nù fún wọn bí ẹni tó ń kí ọmọ kékeré. Ilé ìwé gan-an, mi ò lè dúró parí ẹ̀. SS2 ni mo ti kúrò, nítorí mo wò ó pé ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ wa, ẹni tó bá já fáfá lè kọ́ ọ láàárín oṣù méjì. Oṣù méjì yẹn náà, mi ò wá ibì kankan lọ kọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan ló dá mi padà sídìí ìwé. Ọmọ Ọ̀kà ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni mo sì máa ń gbé e láti gáréèjì Ìkàrẹ́ délé wọn tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun ò gbà. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó nu eruku ojú ẹ̀, ó ní, "Lọ parí WAEC rẹ ná."

Mo ní, "Ṣé WAEC ló máa bọ́ ẹ ni?"

Ó ní, "Rárá o. Mo kàn fẹ́ rí nǹkan kan tí o bẹ̀rẹ̀ tí o sì parí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo kọ́kọ́ bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, mo tiẹ̀ gbé ẹlòmíràn kọjá níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan kó lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Kò mọ̀. Ó gun ọ̀kadà ẹlòmíràn lọ sílé ní tiẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ ra ìwé kíkọ.

Kópà kan ló ń kọ́ wa ní òyìnbó lọ́sàn-án ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkàrẹ́, tí àwọn ọmọ kéékèèké bá ti ṣíwọ́. Obìnrin ni, ìlú ẹ̀ jìnnà, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwa náà sì rèé, àwọn géńdé àti àwọn ìyá ọlọ́mọ, a ká orúnkún lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ọdún méje. Nínú wa, àwọn méjì wá láti Ìkáràm, tí wọ́n bá ti ń sọ èdè ìlú wọn láàárín ara wọn, àwa ọmọ Ìkàrẹ́ ò ní gbọ́ ẹyọ kan. Tí gbogbo wa bá wá da ọ̀rọ̀ bo kópà lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú pẹ̀lú tiẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Please, bear with me." Gbogbo wa á sì dákẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Kò pariwo, kò na ẹnikẹ́ni, ó kàn sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mọ́ "please," ogún ènìyàn sì dákẹ́. Mo na ọwọ́, mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ya àwòrán sójú pátákó: ènìyàn kan tó ń rìn kíákíá, àti ènìyàn kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó wá pa ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, ó tún un yà, kó lè máa rìn pẹ̀lú ẹni tó di ọ̀pá mú. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà Ìkàrẹ́, tó gbọ́ òyìnbó ju gbogbo wa lọ, ló wá là á fún wa pé, "Ẹ fara dà á fún mi, ẹ má kánjú lé mi lórí. Ohun tó ń wí nìyẹn."

Ó wọ̀ mí létí. Mo ní irú òyìnbó tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ná an bí owó tuntun. Tí èrò kan bá ti jókòó lẹ́yìn mi ní gáréèjì, tí mo sì ń dúró de èrò kejì, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, màá yí ojú padà, màá ní, "Mummy, please bear with me." Wàá rí i tí ojú ìyá á tutù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ yìí mà lajú o, kí ló ń ṣe lórí ọ̀kadà?" Inú mi dùn débi pé mo dúró de èrò kẹta. Tí oníbàárà bá pè mí lórí fóònù pé ibo ni mo wà, tí mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màá ní, "Bear with me, sà, mo ti ń rí géètì yín." Màmá mi, ọmọ Ọ̀gbàgì tí kì í gba ìranù, rán mi pé kí n lọ bá òun lọ iṣu gbígbẹ. Mo ní kí wọ́n bear with me. Wọ́n ní, "Ta ni ìwọ ń bú?" Wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí gbogbo gáréèjì fi ń pè mí ní Bíáwíìdì. "Bíáwíìdì, gbé ọ̀kadà ẹ kúrò lọ́nà." "Bíáwíìdì, ṣé wàá bear pẹ̀lú wa ká jẹun?" Wọ́n rò pé àwọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé oyè ni.

Kópà nìkan ni kò bá mi yọ̀. Ó ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí bear with wà nínú ẹ̀. Mo kọ tèmi kíákíá, èmi ni mo kọ́kọ́ fà á lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Me, me, me, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó béèrè pé èmi ńkọ́, ta ni èmi náà ń fara dà fún. Mo rò ó, mo ní kò sí. Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú òyìnbó tí mo ní, pé ẹni tó bá ń falẹ̀ kì í sí níwájú mi, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ ẹyọ kan sí i, kí orúkọ ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀. Mo padà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú "I bear with my motorcycle." Kò fi bírò pupa kàn án. Ó kàn pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi.

Ṣá, mo ṣe WAEC, mo yege. Kì í ṣe mo fẹ́ fọ́nnu, àmọ́ lára àwa tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, C6 tèmi wà níbẹ̀, ó hàn kedere. Mo tẹ ẹ̀dà ẹ̀ mẹ́ta, mo fún màmá mi lọ́kan, mo fi ọ̀kan há abẹ́ ṣíìtì ọ̀kadà, mo sì gbé ọ̀kan lọ fún ọmọbìnrin yẹn ní Ọ̀kà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó dáa. Ó ku bàbá mi."

Bàbá ẹ̀ ló jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló máa ń pe ìrun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tí ara ẹ̀ le sọ fún mi pé tó bá pe ìrun àárọ̀ lórí òkè yẹn, kò sí ẹni tó nílò aago, pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí gan-an á dìde lọ sóko. Àárín ọ̀sẹ̀, ó ń ta iṣu. Ọdún méjì kí n tó mọ̀ wọ́n ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ni kò yá. Ohun tó fẹ́ sọ pé nínú ẹ̀, á máa jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wàá rí ètè tó ń gbìyànjú, wàá rí òógùn. Nítorí náà gbogbo ilé ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a parí ẹ̀. Tó bá ti ní "Ẹ gbé…", ìyàwó ẹ̀ á ní "omi," ọmọ ẹ̀ ọkùnrin á ní "bàtà," ọmọ ọmọ á ní "rédíò." Ọ̀kan á bọ́ sí i. Tí kò bá sí èyí tó bọ́ sí i, bàbá á kàn ju ọwọ́ òsì sílẹ̀, pé ó tán.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú èmi wọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, bàbá wò mí, ó ní, "Ṣé… o… ti…"

Mo ní, "Mo ti parí WAEC, sà."

Ó mi orí. Ó ní, "O… ti…"

Mo ní, "Mo ti rí màmá. A ti kíra."

Ó tún mi orí. Mo ní mo ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní mo ti ra ilẹ̀, èyí tí kì í ṣe òótọ́. Mo ní mo ti bá àwọn bàbá mi sọ ọ́ nílé, wọ́n sì ń bọ̀. Mo ń sáré bí ìgbà tí mo wà lórí títì, gbogbo ohun tó ṣeé parí ni mo ń bá a parí. Nígbà tó yá ni ọmọbìnrin yẹn wọlé, ó gbé àwo kalẹ̀, ó ní, "Bàbá ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu ẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká méjèèjì ló ń mì. Ó nawọ́ sí àwo náà fún mi. Mo jẹun, mo sì ń jẹ ẹ́ kíákíá.

Wọ́n gbà mí. Àwọn èèyàn wa lọ, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, wọ́n mú ọjọ́ tí a máa so yìgì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ yìgì dáadáa kò ní mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ dá lórí gbólóhùn méjì. Bàbá ìyàwó ló máa kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ níwájú Lèmọ́mù àti àwọn ẹlẹ́rìí, pé mo fi ọmọ mi fún ọ. Ọkọ á sì dáhùn pé mo gbà. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ìrẹsì lásán lẹ ti wá jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó jẹ́ ọkùnrin ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nílé wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ náà. Ó ní Lèmọ́mù ní yìgì mìíràn ní Ṣóṣan lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó ní àlejò máa pọ̀, ó ní tí a bá ní ká dúró de ẹnu bàbá, ilẹ̀ máa ṣú. Ó ní ẹ̀sìn gbà kí wọ́n yan aṣojú, kí àbúrò bàbá bá wọn sọ ọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀sìn gbà á. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá na ọwọ́ òsì sókè, ó ní, "Ẹnu… mi…" Kí ó tó dé ibì kankan, àbúrò ẹ̀ ní, "Ẹnu yín ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa fi sinmi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà, tí mo jókòó síbẹ̀ bí àlejò, tó yẹ kí n fọwọ́ bo ẹnu, mo ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín sọ ọ́, kó lè yá."

Ó wò mí. Kò ju ọwọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó rọra gbé e kalẹ̀ lórí itan ẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ.

Ọmọbìnrin yẹn sìn mí dé ìdí ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wá ní, "Ọmọbìnrin mẹ́ta ni bàbá mi bí. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi fi àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì fún ọkọ wọn. Èmi ni mo kù."

Mo ní, "Àmọ́ ara wọn ò yá."

Ó ní, "Ara ẹ̀ ò yá, orí ẹ̀ yá. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kó sọ ọ́." Ó ní, "Gbogbo Àkókó ló ń bear with ìwọ, Bíáwíìdì. Tí kì í bá ṣe ẹnu bàbá mi, mi ò ní jáde nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn. Lọ sọ fún àwọn èèyàn ẹ."

Mo gun ọ̀kadà lọ sílé. Mi ò sáré. Ọ̀kadà mẹ́rin ló yà mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dúró bi mí pé ṣé epo tán ni.

Mo padà lọ bá bàbá lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá bẹ̀ wọ́n, pé ẹnu wọn ni mo fẹ́. Ó na ọwọ́ sí ẹní, mo jókòó. Ó ní òun fẹ́ máa fi mí kọ́ bí òun á ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí; kí bàbá tó sọ ọ́ tán, àwọn adìyẹ tó wà níta ti wọlé.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi lọ. Gbólóhùn kan náà ni: "Mo fi ọmọ mi fún ọ ní ìyàwó, lórí sàdáàkì tí a fẹnu kò sí, ní ìlànà Ọlọ́run àti Òjíṣẹ́ rẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ; sàdáàkì ni owó tí ọkọ ń fún ìyàwó. Ẹni tí ahọ́n ẹ̀ gún á sọ ọ́ láàárín èémí kan. Tó bá ti dé "ọmọ," á dúró. Tó bá dé "fún," ìyẹn ló le jù, ètè ẹ̀ kò ní fẹ́ pàdé eyín, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́. Èmi, gbogbo ara á máa yún mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ó wà lórí ahọ́n mi, kí n kàn fi ta á lọ́rẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá a sọ "fún" ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin yẹn gbé èso dàbínù kan wá nínú àwo, ó ní kí n la ẹnu, ó fi sí i. Ó ní kí n má jẹ ẹ́, kí n má gbé e mì, kí n kàn máa lá a títí bàbá á fi sọ̀rọ̀ tán. Bàbá tún rẹ́rìn-ín tí èjìká ẹ̀ fi ń mì.

Dàbínù yẹn ló kọ́ mi. Tí mo bá ti há a mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mi ò lè sọ̀rọ̀, ojú nìkan ni mo lè fi wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé bàbá kì í ṣe ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń gbé e gun òkè ni. Tí mo bá ti wá bá a sọ ọ́, ńṣe ni mo ń ti ẹrù náà padà sísàlẹ̀, á sì tún ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òkè. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi ní kíláàsì. Àbí kópà sọ ọ́, tí mo ń sáré fa ìwé lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ yìgì pé. Mọ́ṣáláṣí kún, wọ́n jókòó dé ìta. Wọ́n wọ agbádá fún mi, mo jókòó síwájú Lèmọ́mù, bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi lórí àga nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. Lèmọ́mù ṣe wáàsí, kò gùn, ó ń wo aago. Ó sọ pé bàbá á fún mi, èmi á gbà. Ó yíjú sí àna mi, ó ní, "Ó yá, Alfa."

Bàbá bẹ̀rẹ̀. "Mo… fi… ọ…" Ó dúró. Ẹnì kan wúkọ́. "Ọmọ… mi…" Iná lọ, fáànù ń yí lọ lọ́ra, ooru bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ ò ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́?" Bàbá dé ibi "fún." Ètè gbéra, kò bá eyín. Afẹ́fẹ́ ń jáde. Kò sí dàbínù lẹ́nu mi. Agbádá ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo rí i tí àbúrò bàbá ti fẹ́ dìde, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń tì í, tí Lèmọ́mù tún wo aago, ẹnu mi kàn yà.

Mo ní, "Mo gbà."

Lèmọ́mù wò mí, ó ní, "Kí lo gbà? Wọn ò tíì fún ẹ ní nǹkan kan."

Ẹ̀rín bú láti iwájú dé ìta. Àwọn ọmọ gáréèjì tó wá pẹ̀lú mi ló pariwo jù, mo gbọ́ "Bíáwíìdì" láti ojú fèrèsé. Lèmọ́mù náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní ìdáhùn kì í ṣáájú ọ̀rọ̀, a ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá ti dìde báyìí, ó ní, "Ó tó. Mo máa bá wọn sọ ọ́, kí Lèmọ́mù lè rí Ṣóṣan lọ." Bàbá ò wo ẹnikẹ́ni. Òógùn ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n ẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ti gbéra lórí itan, mo sì mọ ibi tó ń lọ. Tí ọwọ́ yẹn bá fi lè balẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó tán nìyẹn. Ìyàwó mi á wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, á sì dìde lọ sínú yàrá, mo mọ̀ ọ́n.

Mo di ọwọ́ náà mú. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń ṣe fún bàbá ìyàwó ẹ̀, àmọ́ mo dì í mú. Mo ní, "Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe bàbá. Ẹ bear with wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ, mo ti gbọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ti Ṣóṣan, èmi fúnra mi máa fi ọ̀kadà gbé yín dé ibẹ̀."

Lèmọ́mù ní, "Lórí ọ̀kadà? Èmi pẹ̀lú láwàní?"

Mo ní, "Kò ní ṣí, sà."

Ó wò mí, ó wo bàbá, ó wá bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀, ó fi sápò. Ó ní kí àbúrò bàbá jókòó. Ó ní kí ẹni tó bá ní ibì kan tó ń lọ máa lọ, kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó dìde.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò wo ètè ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo ń wo ọwọ́ tí mo dì mú. Tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan jáde, ọwọ́ náà á fún tèmi, tí ọ̀rọ̀ bá jáde, á tú. Ó dé "fún." Ó fún ọwọ́ mi títí ó fi ń dùn mí. Ó tú. "Ọ… ní… ìyàwó." Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn aṣọ fa imú. Sàdáàkì kọjá. Ìlànà kọjá. Nígbà tó dé "Òjíṣẹ́ rẹ̀," ohùn ẹ̀ gbé sókè díẹ̀ ní òpin, bóyá bó ṣe máa ń gbé e nígbà tó ń pe ìrun, mi ò mọ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Àwọn àgbàlagbà tó wà níwájú mọ̀. Mo rí bí wọ́n ṣe tẹ orí ba.

Mo ń dúró bóyá ó ku nǹkan kan. Mo dúró títí Lèmọ́mù fi fi ìka gún mi lórúnkún, ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ó ti kàn ẹ́ báyìí o."

Mo sọ tèmi. Mo sì gbé Lèmọ́mù lọ sí Ṣóṣan bí mo ṣe ṣèlérí. Mo ká agbádá sórí táǹkì, òun fi ọwọ́ kan di láwàní mú, ó fi ọwọ́ kejì di mí mú, ó ń kéwú sí mi létí ní gbogbo kọ́nà. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti jẹun dé ìdajì. Wọ́n ní nígbà tí àwọn àlejò ń béèrè ọkọ ìyàwó, ìyàwó mi kàn ní, "Ó lọ já èrò, ẹ máa jẹun ná."

Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí. Kópà ti padà sí ìlú ẹ̀ tipẹ́, mi ò sì mọ ibi tí ìwé mi wà. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Bíáwíìdì ní gáréèjì, àmọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò mọ ìdí ẹ̀, wọ́n rò pé orúkọ bàbá mi ni. Èmi náà ṣì ń sáré, mi ò ní purọ́. Ara mi ò yí padà pátápátá. Àwọn èrò ṣì ń gbá mi léjìká pé kí n ṣe jẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ronú lórí ọmọ tó rò pé òun mọ ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́ta yẹn tán láàárín ọjọ́ kan, mo máa ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà, àwọn èrò á ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo gbé ìyá kan láti Ìkàrẹ́, a ti gun òkè dé ìdajì, fóònù mi dún. Bàbá ni. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì, kí ariwo ẹ̀ má bàa bo ohùn wọn. Ìyá tó wà lẹ́yìn mi ní kí ló dé, mo ní bàbá ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó tú gèlè ẹ̀, ó ń tún un wé. Ọkọ̀ iṣu méjì kọjá lára wa. Ohun tí bàbá fẹ́ ni pé kí n bá wọn ra bátìrì rédíò bọ̀, kí n má ra irú èyí tí mo rà níjọ́sí. Láti ìgbà tó ti ní "bá," tó dúró síbẹ̀, ni mo ti mọ̀ pé bátìrì ni. Mi ò sọ ọ́.